Bí a ṣe ń wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò lára mọ́tò tó ti pẹ́

Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gíà yín kalẹ̀. Camry 1999 tí mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Pencil Light, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Mẹkáníìkì kan yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó rí ọ́ìlì níbi tí ẹ́ńjìnì àti gíà ti pàdé, ló bá ní síìlì ẹ̀yìn ni, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ẹ́ńjìnì lápá ibi gíà. Wọ́n sọ gíà kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ síìlì, mo sanwó iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ilẹ̀ ilé mi tún fi dúdú. Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnì, ló ń jò lókè, tí ọ́ìlì ń rọra ṣàn gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì wá sísàlẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló ń jẹ wá níyà.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni. Ẹ tẹ́ páálí ńlá sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ (páálí fíríìjì ni tèmi), kí ẹ fi bíírò sàmì sí ibi tí táyà iwájú méjèèjì wà. Tílẹ̀ bá mọ́, èyí tó pupa bíi zóbò, ti gíà tàbí ti páwà ni. Èyí tó ní àwọ̀ ewé tàbí pínkì, tó sì ṣàn bí omi, ti rédíétọ̀ ni. Omi lásán, AC ni. Èyí tó dúdú, tó ń yọ̀ láàárín ìka, òun là ń wá.

Fífọ ẹ́ńjìnì ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn kan kì í fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ́ńjìnì tó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti wọ ẹ̀wù ọ́ìlì àti eruku; bí ẹ bá wò ó bẹ́ẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló ń jò. Àwọn mìíràn á fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó ń fi bẹntiróò fọ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, mo sì rìn jìnnà. Ó gbọ́dọ̀ tutù débi tí ẹ fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin sálẹ́ńsà tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ tú orí bátìrì kan, kí ẹ fi ọ̀rá di áltánétọ̀ tó ń ṣaájì bátìrì, kọ́ìlì plọ́ọ̀gì àti ẹnu ibi tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú.

Kẹrosíìnì lítà 1 àti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé ti tó. Owó oògùn inú agolo tí wọ́n ń tà fún yín, ẹ fi ra gásíkẹ́ẹ̀tì, irú rọ́bà pẹlẹbẹ yẹn. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi kọ́ọ̀bù máa bu omi ṣàn án. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tú omi lé ọkọ̀ lórí, torí omi á wọ ihò plọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnì á sì máa jálẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ má tan ẹ́ńjìnì tó ṣì ń rùn kẹrosíìnì.

Tó bá ti gbẹ, ẹ bu pọ́ńdà ọmọdé sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n mọ́ ara ẹ́ńjìnì títí á fi funfun. Pípa ni kí ẹ́ńjìnì wà nígbà yìí. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré. Ibi tó ti ń kán sílẹ̀ kọ́ ni ẹ ń wá o. Ọ́ìlì ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń sáré. Nítorí náà, ibi tí pọ́ńdà ti rin tó ga jù lọ, tó sì sún mọ́ iwájú jù lọ, ibẹ̀ ni orísun rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ tún wà á lọ́jọ́ kejì.

Bó bá di dandan láti wọ abẹ́ ọkọ̀, jáàkì nìkan ò tó. Sítáǹdì irin ni kí ẹ fi gbé e dúró. Búlọ́ọ̀kù ń fọ́.

Lára Camry mi, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 5S-FE, tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Tó bá ń jò níwájú, á kán sórí irin sálẹ́ńsà, ẹ ó sì gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó ń jó nígbà tí ẹ bá dúró nínú gósílóò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo ìdí súìṣì ọ́ìlì, ojú fílítà, àti wáṣà nọ́ọ̀tì tí a fi ń da ọ́ìlì nù. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táímìn bẹ́lítì ló rin, síìlì mẹ́ta ló wà lẹ́yìn kọ́fà bẹ́lítì náà: ti kámúṣáàfù, ti kránkì àti ti pọ́ǹpù ọ́ìlì, nítorí bẹ́lítì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù. Ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, àti bẹ́lítì fúnra rẹ̀ bí ọ́ìlì bá ti kàn án. Mo máa ń ra ọ̀pọ̀ nǹkan ní tòkunbọ̀, àmọ́ rọ́bà àti síìlì kò sí níbẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo PCV, fáàfù kékeré orí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí. Tó bá dí, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì á wá ọ̀nà mìíràn jáde, á sì máa ti ọ́ìlì gba ojú síìlì, tuntun tàbí àtijọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ mì í: ó yẹ kó máa dún ṣẹkẹṣẹkẹ. Ẹ dá a padà, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ wá gbé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ẹnu rẹ̀. Tó bá ń fà á díẹ̀díẹ̀, kò séwu. Tó bá ń wú u bíi bàlúùnù, tí PCV sì jẹ́ tuntun, ríìngì, àwọn òrùka ara písítìn, ló ti jẹ, síìlì kankan ò sì lè gbà yín.

Nígbà tí ẹ bá ń dá tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà padà, ẹ ha gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Mo máa ń fi ṣíbí oníke tí mo pọ́n ẹnu rẹ̀ ha á, torí ọ̀bẹ ń gé irin funfun yẹn. Gọ́ọ̀mù tuntun kò ju kékeré lọ, ní igun nìkan. Èyí tí wọ́n bá rẹ́ yíká bíi bọ́tà, ìdajì rẹ̀ á já sínú, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì nínú kátà, àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì á sì gan. Bákan náà ni ti nọ́ọ̀tì: ẹ fi sípánà tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn yí i, kí ẹ máa fò láti ọ̀kan sí èkejì. Fífún un jù kì í dá jíjò dúró, ṣe ló ń fún rọ́bà jáde.

Ẹ ò ní láti sá lọ sí ọ́ìlì tó ki. 20W-50 lè dín kíkán rẹ̀ kù fún oṣù kan, àmọ́ ihò ṣì wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, lítà 3.6 ni ẹ́ńjìnì yẹn ń gbà, torí náà ẹ má da gbogbo gálọ́ọ̀nù lítà 4 sínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá parí, ẹ tẹ́ páálí tuntun. Tèmi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, àmì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, omi AC sì ni.