Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìyẹ́ ẹ̀gà kan ṣoṣo

Ká ní mi ò pa fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí ì bá ti tán lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jí ní ìdájí nítorí akọ ẹ̀gà kan.

Orí tó yẹ kó dúdú bí èédú rí jákujàku: dúdú níbí, ìyeyè lọ́hùn-ún, àwọ̀ eérú láàárín. Ìyẹ́ kan tún funfun báláú lápá ọ̀tún. Mo fi yangàn han ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní àfín ni, ṣé mi ò rí i pé ojú ẹ̀ pupa ni? Bẹ́ẹ̀ ojú akọ ẹ̀gà tó dàgbà a máa pupa, àfín kì í sì í ní ìyẹ́ dúdú rárá. Mo dákẹ́.

Ti orí kò pẹ́ yé mi. Bí ìgbà ìyé ẹyin bá tán, akọ ẹ̀gà a pààrọ̀ orí dúdú ẹ̀ sí ìyeyè, a sì tún dá a padà tó bá yá. Àwọ̀ eérú yẹn kì í ṣe àwọ̀, apó tí ìyẹ́ tuntun ń gbà jáde ni.

Apá ló fìyà jẹ mi. Àlàfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́ funfun. Tí ẹyẹ bá ń pààrọ̀ ìyẹ́, èyí tó já lápá ọ̀tún, ẹnìkejì ẹ̀ á já lápá òsì, kí fífò má baà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, nǹkan ló fà á tu. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ rí apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gà kò gbà! Apá kan ló ń nà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ọ̀tún lónìí, ọ̀tún lọ́la. Ọjọ́ tó na òsì, kámẹ́rà lọ dojú kọ ewé: ewé já gaara, ẹyẹ di kùrukùru. Mo ní fọ́tò ewé tó tó ṣe àfihàn. Lọ́jọ́ kan ó gbé méjèèjì sókè lẹ́yìn òjò, aṣọ ni mo fi ń nu awò kámẹ́rà lọ́wọ́. Fọ́tò tí mo pa rẹ́ ńkọ́? Ìgbà tó ń fò lọ ni, apá méjèèjì ṣí sílẹ̀. Mo ní orí ẹ̀ kò hàn dáadáa.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, mo pa autofocus, èyí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ yan ohun tó máa hàn gaara, mo fi ìyára yíya fọ́tò sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá, mo jókòó ti omi tó ti ń wẹ̀. Ó gbọn ara, mo mú un! Àlàfo wà lápá méjèèjì, ní ipò kan náà. Ìyẹ́ funfun wà lọ́tùn-ún nìkan, ṣóńṣó ẹ̀ ti gbó ju ti àwọn tó kù lọ, nítorí èròjà dúdú máa ń mú ìyẹ́ le. Ọ̀rọ̀ méjì, pípààrọ̀ ìyẹ́ àti ìyẹ́ funfun, ni mo ti ń pè ní ẹyọ kan láti ọjọ́ yìí.

Bí ihò ìyẹ́ náà kò bá ní èròjà àwọ̀, funfun ni yóò tún hù. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ṣèṣe nígbà tó ń hù ni, dúdú lè padà. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejìlélógún: ìyẹ́ funfun ti já, apó tó rọ́pò ẹ̀ ṣì pa dé. Bátìrì wà lórí iná báyìí.