Bí mo ṣe mú kámẹ́rà kíká àtijọ́ kan padà sẹ́nu iṣẹ́

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kó àwọn kámẹ́rà kíká àtijọ́ jọ, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé bí a bá ṣí ìdérí iwájú wọn, lẹ́ǹsì yóò jáde síta lórí awọ dúdú tí wọ́n ṣẹ́ po bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, tí a bá sì ya fọ́tò tán, gbogbo rẹ̀ yóò padà wọlé, yóò sì rí pẹlẹbẹ. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mo ní kò ṣe ju kí wọ́n jókòó sórí pẹpẹ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí No. 1 Autographic Kodak Junior kan, tí ilé iṣẹ́ Kodak ṣe, bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo pinnu pé mo máa fi í ya fọ́tò.

Fíìmù ló jẹ́ kí n yan òun nínú gbogbo wọn. No. 3A tí mo ní, tí fọ́tò rẹ̀ tóbi tó káàdì ìfìwéránṣẹ́, fíìmù 122 ló ń lò (nọ́ńbà yìí ń sọ irú fíìmù tí ó jẹ́ àti bó ṣe tóbi tó), wọ́n sì ti dáwọ́ ṣíṣe ìyẹn dúró láti ọdún 1971. Fíìmù 116 náà kógbá sílé ní 1984. Vest Pocket Kodak, tó jáde ní 1912, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sì gbé nínú àpò lọ sójú Ogun Àgbáyé Kìíní, fíìmù 127 ló ń fẹ́, ìyẹn sì ṣòro láti rí. Fíìmù 120 nìkan ni orí kó yọ: ọdún 1901 ni wọ́n gbé e jáde fún kámẹ́rà Brownie No. 2, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀, kó ṣọ́ra fún kámẹ́rà tí wọ́n kọ 620 sí lára. Fíìmù kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ róòlù 620 tín-ín-rín ju ti 120 lọ, èyí tó nípọn kò sì ní wọ àyè rẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi fi dá mi lójú pé kámẹ́rà náà ti wà kí ọdún 1910 tó dé, nítorí ó rí àwọn ọdún kan tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń kó wọn jọ nìyẹn: ọdún páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, ni wọ́n máa ń tẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe kámẹ́rà. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti kálámù irin tín-ín-rín tí wọ́n há sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ló tú àṣírí. Henry Gaisman ló ronú kan ọgbọ́n yìí, George Eastman, ẹni tó dá Kodak sílẹ̀, sì san 300,000 dọ́là fún un ní 1914 kí Kodak lè máa lò ó. Wọ́n fi bébà kan tó jọ bébà kábọ̀n sáàárín fíìmù àti ìwé ẹ̀yìn rẹ̀. Ayàwòrán yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò fi kálámù irin kọ ọjọ́ tàbí orúkọ, yóò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run bà á fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀rọ̀ náà yóò sì hàn lára fíìmù nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Kámẹ́rà tó bá ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò lè dàgbà ju 1914 lọ.

Awọ kíká yẹn ni ẹ̀mí kámẹ́rà, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ kú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo pa gbogbo iná yàrá, mo ṣí kámẹ́rà dé òpin, mo ki tọ́ọ̀ṣì kékeré bọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo sì ń yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àfi bí ojú ọ̀run tó kún fún ìràwọ̀! Mo ka ihò tíntìntín mọ́kànlá, mẹ́sàn-án nínú wọn sì wà ní igun ìṣẹ́po, níbi tí awọ ti ń tẹ̀ sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo po gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò pọ̀ mọ́ ọ̀dà dúdú olómi, nítorí gọ́ọ̀mù náà kì í le gan-an bó bá gbẹ, ó lè bá awọ tẹ̀ láìfọ́.

Ìwàǹwára ló bá mi ṣe é lákọ̀ọ́kọ́. Mo kùn ún nípọn, mo sì pa kámẹ́rà dé kí ó tó gbẹ dénú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìṣẹ́po méjì ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n rán wọn pọ̀, bí mo sì ṣe ń là wọ́n ni awọ ṣí níbì kan, tí ihò mọ́kànlá di méjìlá. Lẹ́yìn èyí ni mo wá fi sùúrù ṣe é: mo fi búrọ́ṣì tó kéré jù lọ kun ibi kọ̀ọ̀kan ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo jẹ́ kí kámẹ́rà wà ní ṣíṣí fún odindi ọjọ́ méjì, mo sì fi páúdà díẹ̀ pa ara awọ láti ìta kí n tó ká a.

Ṣọ́tà ló kàn, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. T, B, 25 àti 50 ló wà lójú rẹ̀; T àti B wà fún ìgbà tí a bá fẹ́ kí ó ṣí pẹ́. 25 yìí túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú 25 ìṣẹ́jú-àáyá ló yẹ kí ó fi ṣí. Mo fi fóònù tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ká a sílẹ̀, mo sì ka iye àwòrán tí ojú lẹ́ǹsì fi là sílẹ̀. Ó yẹ kí ó jẹ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá; mẹ́rìndínlógún ni mo kà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wúwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kán epo ẹ̀rọ sí i, nítorí epo yóò kó eruku mọ́ra, yóò sì ṣàn dé orí àwọn abẹ tín-ín-rín tó ń ṣí tó sì ń pa dé, wọn yóò sì wá lẹ̀ mọ́ra. Mo fi ọwọ́ yí apá iwájú lẹ́ǹsì jáde, mo fi òwú rin epo láítà díẹ̀, èyí tó máa ń gbẹ dànù fúnra rẹ̀, mo nù ún, mo sì ń tẹ ṣọ́tà léraléra. Nígbà tí mo tún kà á, ó ti di mọ́kànlá, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà fún ihò ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ihò inú lẹ́ǹsì tí a lè mú tóbi tàbí kéré, lè ṣi ènìyàn lọ́nà. 4, 8, 16, 32 àti 64 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkà àtijọ́ ni. 16 nìkan ló bá ti òde òní mu. 4 dọ́gba pẹ̀lú f/8 ti òde òní, 64 sì dọ́gba pẹ̀lú f/32; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ihò ń kéré tó. Nítorí náà, bí oòrùn bá mú dáadáa, tí fíìmù sì jẹ́ ISO 100 (ISO ni òṣùwọ̀n bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí), ṣọ́tà 25 àti ihò 64 ni mo ń lò.

Kí n tó ki fíìmù bọ̀ ọ́, mo fi téèpù dúdú bo fèrèsé pupa tí a fi ń rí nọ́ńbà lẹ́yìn kámẹ́rà. Fíìmù ìgbà yẹn kì í rí àwọ̀ pupa rárá, kò sì sí ewu níbẹ̀. Fíìmù òde òní ń rí i. Abẹ́ òjìji nìkan ni mo ti ń ká téèpù náà sókè bí mo bá fẹ́ yí fíìmù. Ilẹ̀kùn kékeré ti Gaisman náà, mo fi téèpù dì í pa.

Fọ́tò mẹ́jọ ni róòlù kan gbà. Nígbà tí mo fọ fíìmù tí mo sì gbé e sójú iná, mẹ́fà mọ́ gaara, ewé igi tó wà láàárín fọ́tò kejì ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Àbàwọ́n roboto kan wà lára ìkẹta àti ìkẹrin, ní ojú kan náà. Ti ìkẹrin ló dúdú jù lára fíìmù, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti wọlé jù, mo sì rántí pé nígbà yẹn ni mo dúró pẹ́ nínú oòrùn, tí mo ń fi ojú wọn iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín èmi àti ohun tí mo ń yà. Mo padà sínú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo sì bá ihò kẹtàlá lábẹ́ awọ, nítòsí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí, níbi tí n kò yẹ̀ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ti dí i. Róòlù kejì wà nínú kámẹ́rà náà báyìí, ó ku fọ́tò mẹ́ta.