Bí A Ṣe Ń Lo Dírìlì Oníbátìrì Láìfarapa

Nígbà tó jẹ́ pé dírìlì oníwáyà ni gbogbo wa ń lò, bí a bá ti fa ẹnu wáyà rẹ̀ yọ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó di irin lásán nìyẹn. Dírìlì oníbátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ṣì wà nídìí rẹ̀, ìbáà wà lórí tábìlì, ìbáà wà nínú àpò, ìbáà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gun àkàbà, kò sùn rárá. Kí nǹkan kan ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ló kù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Síbẹ̀, mo máa ń rí àwọn tó ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, kìkì nítorí pé wọn kò rí wáyà lára rẹ̀.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kan, mo fẹ́ pààrọ̀ bíìtì, ìyẹn irin tó ń yí lẹ́nu dírìlì láti lu ihò, mo fi ọwọ́ òsì di ẹnu dírìlì mú láti tú u, n kò sì yọ bátìrì. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún mi ṣèèṣì kan bọ́tìnnì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bíìtì ti ká etí apá bùbá mi mọ́ra bí òwú ṣe ń ká sára ìrànwú, ó sì bó mi láwọ nínú àtẹ́lẹwọ́ kí n tó lè mú ìka kúrò. Ọpẹ́ ni pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bí a ṣe ń ti ẹ̀rọ náà pa. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, bọ́tìnnì kékeré kan wà lókè ibi tí ìka ń tẹ̀, èyí tí a lè tì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ẹ̀gbẹ́ kan ń mú kí bíìtì yí síwájú, èkejì ń mú kí ó yí sẹ́yìn. Bí a bá wá fi í sí agbede méjì, bọ́tìnnì ńlá kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Àárín yìí ni kí ẹ máa fi í sí nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé dírìlì kalẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ nawọ́ rẹ̀ sí ẹlòmíràn, tàbí tí ẹ bá fẹ́ gun àkàbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé bíìtì ni ẹ fẹ́ pààrọ̀, tàbí ẹ fẹ́ yọ ohun tó há sí ẹnu rẹ̀, àárín nìkan kò tó. Ẹ yọ bátìrì pátápátá. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ ká apá aṣọ kọjá ìgúnpá, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, kí ẹni tó bá di irun gígùn sì kó o sábẹ́ fìlà. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ ni mo sábà máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn lé lórí, nítorí wọ́n rò pé ààbò ni. Bí bíìtì bá ń yí, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́: bí fọ́nrán kan ṣoṣo bá kọ́ bíìtì, ìbọ̀wọ́ àti ìka tó wà nínú rẹ̀ ni yóò jọ fà lọ. Ẹ tọ́jú ìbọ̀wọ́ di ìgbà tí ẹ bá ń kó èérún irin. Awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú pọn dandan, nítorí awò ìkàwé lásán kò lè dá ohun tó ń já bọ́ láti òkè dúró. Bákan náà ni kí ẹ fi ìbòmú bo imú bí ẹ bá ń lu búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré, torí eruku wọn kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn torí rẹ̀ ra dírìlì ni kí wọ́n lè gbé ọ̀pá kọ́tìnì tàbí tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri, inú ògiri gan-an sì ni ewu tí a kò fojú rí wà. Nínú àwọn ilé wa, wáyà iná sábà máa ń gba inú ọ̀pá rọ́bà tí a rì sínú ògiri, ó sì sábà máa ń lọ tààrà sókè tàbí tààrà sísàlẹ̀ láti ibi tí súwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ má ṣe lu ihò kankan sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ wọn gan-an. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dáadáa. Ògiri tó kángun sí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná náà lè ní páìpù omi nínú, nítorí náà, ẹ wo òdì kejì rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa iná. Àṣìṣe kan wà níbí tó jẹ́ ti ilé wa gan-an: ènìyàn yóò pa iná NEPA, yóò rò pé ó ti parí, kò ní rántí pé ínfátà wà nílé. Ojú ẹsẹ̀ ni ínfátà máa ń gba iṣẹ́ náà ṣe, wáyà inú ògiri yóò sì tún jí. Ẹ pa bírékà apá ilé yẹn, ẹ pa ínfátà, ẹ rí i pé jẹnẹrétọ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ wá ki ẹnu wáyà fìtílà tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ láti dán an wò. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé rọ́bà ni wọ́n fi ṣe ìdí dírìlì yín. Irin ni bíìtì, irin sì ni ẹnu tó dì í mú lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá kan wáyà tó ní iná nínú, wọn kò ní bi yín léèrè bóyá bátìrì ni ẹ ń lò.

Bí ẹ bá ń lo fíṣà (rọ́bà kékeré tí a ń kì bọ ihò ògiri kí síkúrù lè rí nǹkan dì mú) tó jẹ́ mìlímítà 6, bíìtì ògiri tó jẹ́ mìlímítà 6 náà ni kí ẹ fi lu ihò rẹ̀. Ẹ fi fíṣà náà wọn ara bíìtì, ẹ fi díẹ̀ lé e, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ ojú ibẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó dúró sí. Àwòrán òòlù tó wà lára òrùka tó wà lẹ́yìn ẹnu dírìlì wà fún búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré nìkan. Bí ẹ bá lò ó fún táìlì, yóò fọ́ ọ. Ẹ máa fa bíìtì jáde lóòrèkóòrè kí eruku lè tú jáde, kí ẹ sì máa wo eruku náà. Eruku búlọ́ọ̀kù rí bí eérú, ó sì kúnná. Bí ẹ bá rí èérún rọ́bà tó ká bí irun àgùntàn lẹ́nu ihò, ọ̀pá wáyà tàbí ti omi ni ẹ ti bà: ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ pe oníṣẹ́. Lókè fèrèsé, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá líńtẹ̀lì oníkọnkéré pàdé, tí ọ̀pá irin wà nínú rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀: ìró náà yóò yí padà di igbe irin, bíìtì kò sì ní wọlé mọ́. Ẹ má fi agbára tì í. Ẹ sún ihò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ti agbára, ohun kan wà tí ẹni tí kò tíì lò ó rí kì í retí. Bí bíìtì bá há lójijì tí kò lè yí mọ́, ara dírìlì fúnra rẹ̀ ni yóò yí, ọrùn ọwọ́ tó dì í mú yóò sì bá a yí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un fún iṣẹ́ tó lágbára, kí ẹ lo ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ó bá ní, kí ẹsẹ̀ yín sì fi ìdí múlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá dúró lórí àga oníke, tó ń na ara dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, kò sí ohun tí yóò dì í mú nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀. Àkàbà tó dúró dáadáa ni kí ẹ lò. Bí ó bá há, ẹ tú ìka sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ sì yí i sẹ́yìn láti fà á jáde.

Nọ́ḿbà 1 àti 2 tó wà lókè dírìlì jẹ́ ti eré: lórí 1, ó ń rọra yí ṣùgbọ́n ó lágbára, èyí tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ fóòtì 18 (fóòtì ni ìwọ̀n agbára iná) sì sábà máa ń yí tó ìgbà 400 sí 500 ní ìṣẹ́jú kan, lórí 2, ó lè tó 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 1 wọ síkúrù. Òrùka onínọ́ḿbà púpọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹnu rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tí yóò jọ̀wọ́ síkúrù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ḿbà kékeré, bí ó bá sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kí síkúrù tó wọlé tán, ẹ fi ọ̀kan kún un.

Pákó àti irin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àyàfi pé ẹ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ di ohun tí ẹ fẹ́ lu mú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ gbé e lé itan. Kílám̀pù ni kí ẹ fi dè é mọ́ tábìlì. Irin pẹlẹbẹ ló burú jù: nígbà tí bíìtì bá fẹ́ yọ sí òdì kejì, yóò gán an mú, yóò sì máa fi í yí bí abẹ. Ẹ dín agbára kù bí ẹ bá ti rí i pé ó fẹ́ yọ, ẹ kán òróró díẹ̀ sí i, kí ẹ sì rántí pé bíìtì máa ń gbóná tó láti jó ìka.

Ó wá ku bátìrì. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lójú oòrùn, ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná láti ẹnu iṣẹ́. Ṣájà tirẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ kò gbọdọ̀ kó o pọ̀ mọ́ ìṣó àti síkúrù nínú àpò kan náà, torí bí irin bá so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó lè gbiná. Bátìrì tó bá wú ti kú. Ẹ má lò ó, ẹ má jó o, ẹ má sì jù ú sínú pàǹtírí. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ḿbà gàdàgbà tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Ẹyọ bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 3.6, márùn-ún sì jẹ́ 18. Nígbà tí wọ́n bá kún fọ́fọ́, wọ́n ń tó 21, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun kan náà ni 18 àti 20 tí wọ́n ń kọ. Èyí tí wọ́n kọ 48 tàbí 88 sí, tó sì jẹ́ pé márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀, irọ́ ni. Ẹni tó bá lè parọ́ fóòtì, n kò lè fọkàn tán an pé ó fi ohun tó ń dá bátìrì dúró sínú rẹ̀ nígbà tó bá gbóná jù.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ yọ bíìtì, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì kó dírìlì sínú àpótí rẹ̀. Bátìrì ní tirẹ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.