Má Gba Poro Ẹlòmíràn Ro: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Wọ́n Fi Ṣe Aṣáájú

Ní ọdún kejì mi nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àkúrẹ́, olùkọ́ wa pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ mẹ́jọ. Ó ní kí ọ̀wọ́ tiwa lọ bu omi Odò Àlà, odò tó gba àárín ìlú kọjá, ní ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì kọ ìjábọ̀ lé e lórí. Wọ́n fi mí ṣe olórí. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Èmi nìkan ni mo gun ọ̀kadà kiri ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi nìkan ni mo bu omi. Èmi ni mo kọ ìjábọ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, òru mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi orúkọ àwọn méje tó kù sí i, mo wá ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí a lọ dáhùn ìbéèrè, olùkọ́ kò pè mí rárá. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló nawọ́ sí. "Kí ló dé tí ẹ fi bu omi kejì níbi tí ẹ ti bù ú?" Ọmọ náà wojú mi. Kò mọ̀. Olùkọ́ bi ẹlòmíràn, òun náà ò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí n panu mọ́. Máàkì gbogbo wa já wálẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí ọmọbìnrin náà sọ nígbà tí a jáde. Ó ní, "Ilé ìyá bàbá mi wà lẹ́bàá odò yẹn. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Mo mọ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, mo mọ ìgbà tí omi ẹ̀ máa ń yí àwọ̀. Mo fẹ́ sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n o ò bi ẹnikẹ́ni léèrè."

Mo ti darí ọ̀wọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò létí mi. Òun ló jẹ́ kí n kọ èyí fún ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe kọ́ọ̀sì rẹ́ẹ̀pù, ìyẹn aṣojú kíláàsì, tàbí olórí ọ̀wọ́, alága ẹgbẹ́ ẹ̀ka rẹ, tàbí olórí akọrin nínú ẹgbẹ́ ìjọ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ lo wà tàbí ti Adéyẹmí ní Òǹdó. Ipò yẹn lè tún ẹ ṣe. Ó sì lè kọ́ ẹ ní ìwà tí wàá fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ̀n dànù.

Ṣíṣe iṣẹ́ gbogbo wọn

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyí, àwọn tó mọ̀wé ló sì ń ṣe é jù. Wọ́n á ní, "Bí mo bá fi fún wọn, wọn ò ní ṣe é dáadáa." Nígbà míì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá iṣẹ́ ẹni mẹ́jọ ṣe kò darí ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ kan ni, àwọn méje sì jókòó tì í.

Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Max Ringelmann, onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wádìí irú nǹkan báyìí, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1913. Ó ní kí àwọn èèyàn fa okùn, ó wá ń wọn agbára wọn. Bí àwọn tó ń fà á ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́jọ, ohun tí ẹnì kan ń fà kò ju nǹkan bí ìdajì ohun tí ìbá fà bó bá dá wà. Lára ohun tó fà á ni pé ọwọ́ wọn kò bọ́ sí i pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1979, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn pariwo, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́, wọ́n sì rí i pé bí ẹnì kan bá ti rò pé àwọn míì ń bá òun pariwo, ohùn tirẹ̀ á lọ sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń pa á. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn lè dá ohùn tirẹ̀ mọ̀ láàárín tàwọn yòókù, agbára rẹ̀ padà.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó wọn okùn. Bí ẹgbẹ́ àáró bá dé oko ẹnì kan, wọn kì í kàn ya bo ilẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú poro tirẹ̀, wọ́n á jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jọ máa lọ. Ẹni tó bá ṣẹ́yìn, gbogbo ojú ló rí i. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè bá a ro díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gba poro náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, oko tirẹ̀ ni wọ́n á kó ara wọn lọ.

Nítorí náà, pín poro. Má sọ fún ọ̀wọ́ rẹ pé "ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é." Sọ fún ẹnì kan pé kó lọ síbi kejì, kó bu omi, kó ya àwòrán ibẹ̀, kó kọ ìdí tó fi yan ibẹ̀, kó sì kó o wá lọ́jọ́ báyìí. Kọ orúkọ àti ọjọ́ náà síbi tí gbogbo yín á ti máa rí i. Kí o tó pín in, bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kí lo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí tí àwa yòókù ò mọ̀?" Ká ní mo béèrè yẹn ni, ọmọ ẹ̀bá odò ì bá mú wa dé ibi tó yẹ.

Fi ọjọ́ márùn-ún, ó kéré tán, sílẹ̀ láàárín ọjọ́ tí wọ́n máa kó iṣẹ́ wá bá ẹ àti ọjọ́ tí olùkọ́ fẹ́ ẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ kan á dé tí kò dára, ọwọ́ rẹ á sì máa yún ẹ láti tún un ṣe fúnra rẹ lóru. Má tún un ṣe. Dá a padà, fi ibi tó kù hàn án, jẹ́ kí ẹni tó ṣe é tún un ṣe. Ó le. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Síbẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹni mẹ́jọ jọ gba 60 ju kí èmi nìkan gba 75 fún wọn lọ, nítorí lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá nawọ́, kò sẹ́ni tó máa wojú mi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí

Ohun tí àwọn ìwé nípa adarí kì í sọ fún ọmọ Yorùbá nìyí. Nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹni ọdún 18 àti ẹni ọdún 30 lè jọ wà ní kíláàsì kan. Àwọn kan ti gba OND, ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboonìṣe, wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n tó gba dáírẹ́ẹ̀tì ẹ́ńtìrì wọ ọdún kejì tààrà. Ọ̀kan wà nínú kíláàsì wa tó ti ní ìyàwó àti ọmọ.

Ọdún kẹta ni wọ́n fi mí ṣe kọ́ọ̀sì rẹ́ẹ̀pù. Ẹ̀gbọ́n yìí pẹ́ dé ìpàdé lọ́jọ́ kan, mo sì pè é lórúkọ níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Ìwọ nìkan la ń dúró dè látàárọ̀. Ṣé bàbá wa nìwọ níbí ni?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò dá mi lóhùn. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò sì fi wá sí ìpàdé wa mọ́. Àwọn àgbà mẹ́ta mìíràn nínú kíláàsì bá a dúró síta.

Mo lọ bá a nínú yàrá tó háyà, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Àbúrò, ọmọ mi ló ń ṣàìsàn lọ́jọ́ yẹn. Ká ní o pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ǹ bá ti sọ fún ẹ."

Ipò kì í pa ọjọ́ orí rẹ́. Àwọn mìíràn wá ṣubú sódìkejì: wọ́n bẹ̀rù àgbà débi pé wọn ò lè béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé inú ọ̀wọ́ ló wá ń ṣe tirẹ̀ mọ́ tiwọn. Ohun tí mo kọ́ láti máa sọ ni, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, apá tiyín kò tíì dé ọwọ́ wa. Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ kó o lọ bá olùkọ́. Ṣé ẹ nílò ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ ni?" Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀gbọ́n yẹn náà ló padà bá wa ná ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí Ìdànrè, ó sì bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà tí èmi ò lè gbà sọ ọ́.

Owó

Ìrìn-àjò Ìdànrè yẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ owó. Èèyàn 46 ló san ₦2,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ₦92,000 lápapọ̀. Inú àkáǹtì tèmi ni gbogbo rẹ̀ wọ̀, ibẹ̀ náà ni owó oúnjẹ mi wà. Mo fi ra dátà, mo fi jẹun lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, mo sọ fún ara mi pé màá dá a padà bí owó bá ti ilé dé. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ san owó ọkọ̀, ₦6,500 ti dín nínú rẹ̀. Owó oúnjẹ tí ìyá mi fi ránṣẹ́ ni mo fi dí i, ebi sì pa mí lóṣù yẹn.

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí n ṣe ìṣirò níwájú kíláàsì, mi ò ní lè ṣe é, orúkọ mi ì bá sì bàjẹ́ nítorí dátà àti ìrẹsì. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń dá àjọ lọ́jà ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń pe alájọ tó bá jẹ nínú owó oníowó. Má jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ bá tìẹ dàpọ̀, kódà fún ọjọ́ kan. Jẹ́ kí akápò gbà á, kí ìwọ má gbà á. Kí èèyàn méjì mọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ohun tí ẹ bá ná lónìí, kọ ọ́ lónìí pẹ̀lú rìsíìtì, kí o fi hàn wọ́n kí wọ́n tó béèrè. Bí o bá ní láti dúró dìgbà tí ẹnì kan bá fura, ó ti pẹ́.

Àwọn kéékèèké

Má bá ẹnikẹ́ni wí nínú gúrúpù WhatsApp, pàápàá lóru. Má fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nìkan kún ìgbìmọ̀. Má sì gba ipò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, CGPA mi, ìyẹn àpapọ̀ máàkì mi láti ìbẹ̀rẹ̀, já láti 4.12 sí 3.58, ó sì gbà mí ní ọdún kan ààbọ̀ kí n tó padà sókè 4. Kò sí ẹgbẹ́ tó máa bá ẹ jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ipò kan lọ́dún kan tó.

Má sì rò pé orúkọ ipò ni ìdàgbàsókè. Níbi tí mo ti ṣe SIWES, ìyẹn iṣẹ́ olóṣù mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá mo ṣe rẹ́ẹ̀pù rí. Ohun tí wọ́n rí ni pé mo lè kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo lè gbọ́ "rárá" láìbínú, mo sì máa ń sọ fún ọ̀gá pé iṣẹ́ kan kò tíì parí kó tó bi mí.

Rírìn síwájú jù

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Mo sáré gùn ún, torí mo rò pé iwájú ni ibi aṣáájú. Nígbà tí mo débi ìsinmi kan tí mo wẹ̀yìn, mi ò rí ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Ọmọ kíláàsì wa kan tó ní ikọ́ fée ti jókòó sísàlẹ̀, èémí rẹ̀ ń ṣe gúlegúle. Ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀, tó di àpò rẹ̀ mú, tó ń bá a ka àtẹ̀gùn ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n tó sinmi, kí wọ́n tún gbéra, ni ọmọbìnrin ẹ̀bá odò yẹn. Kò sẹ́ni tó rán an. Àwọn méjèèjì ló dé òkè kẹ́yìn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rìn lẹ́yìn bí a bá jọ ń lọ síbì kan.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: wọ́n á lo ọdún wọn tán, wọ́n á kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ lọ. Ẹni tó bá gba ipò náà á wá bẹ̀rẹ̀ láti òfo, á wá nọ́ńbà awakọ̀, á wá ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn, á tún gbọ́ láti ẹnu olùkọ́ pé kì í gba iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ra ìwé kan, kọ gbogbo rẹ̀ sí i, kọ àṣìṣe rẹ náà sí i.

Mo kọ tèmi. Ní ìparí ọdún kẹta, ọmọbìnrin náà ni wọ́n yàn lẹ́yìn mi, èmi ni mo sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó ka ibi tí mo kọ Odò Àlà sí, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, mo jókòó lẹ́yìn. Kò tíì pín iṣẹ́ kankan tó fi yí ìwé náà sí ojú ewé tó ṣófo, ó mú bírò, ó ní, "Kí lẹ mọ̀ tí èmi ò mọ̀? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn."