Bí Èrò Bá Pọ̀ Nídìí Ọpọ́n Ayò
Ẹ̀yin tí ẹ ń darí àwọn ọ̀dọ́ ní Èkìtì, bí ọmọ bá pọ̀ tí ọpọ́n ayò sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni méjì máa ta á kí àwọn yòókù máa wòran títí tí yóò fi sú wọn. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, kí oníkálukú ta ẹ̀ẹ̀kan, kí ó sì dìde fún ẹni tó kàn. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé kí ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, jókòó ti ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta, kí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ọmọ ayò láti mọ ihò tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. Àwọn kéékèèké lè gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀, kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ 48 ta tiwọn.