Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀: bí ẹ ṣe lè fẹsẹ̀ rin Erékùṣù Èkó wo iṣẹ́ ọnà

Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára ògiri Èkó. Láàárín ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹrin, ọ̀dà ara ilé àtijọ́ máa ń yọ dáadáa. Tó bá ti di oṣù Kẹfà, àgbàrá á ti gba títì, ẹ ò sì ní mọ ibi tí gọ́tà wà.

Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ mú. Lọ́jọ́ tí ọjà Balógun bá ń ná, agbòjò àwọn ọlọ́jà àti aṣọ tí wọ́n so kọ́ ló máa ń bo ilé mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ á wà ní títì, ilé á sì fojú hàn.

Ẹ ti fi owó sí káàdì Cowry, èyí tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Káàdì yìí náà lẹ máa lò nínú BRT láti Ìkòròdú sí TBS (Tafawa Balewa Square), òun náà lẹ máa lò nínú ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Mile 2 sí Marina. Ọkọ̀ ojú irin dára jù fún ẹni tó bá lè wọ̀ ọ́, torí orí ọ̀sà ló ń gbà kọjá. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì: àwọn ṣílàbù orí gọ́tà kan ti fọ́, omi òjò sì máa ń bo ihò wọn. Ẹ mú píọ́wọ́tà 2 fún ẹnì kan, owó wẹ́wẹ́, àti áńkáṣíìfù funfun. Kó tó di aago 7 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago 11, ooru á ti mú.

Ní Marina, níwájú ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní 1964 wà níbẹ̀. Ọmọ Onitsha ló ṣe é, ẹni tó ni mànàmáná ni wọ́n sì fi ṣọ́ ilé iná. Ẹ yí i po kí ẹ tó kọjá. Láti ibẹ̀, ẹ gba títì Kakawa, níbi tí Water House, ilé àtijọ́ ìdílé da Rocha, wà, kí ẹ tó lọ sí títì Martins wo Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, ni João Baptista da Costa tó kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí iwájú mọ́sálásí náà fi jọ ilé Pópó Àgùdà.

Tí ẹ bá dé Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos àti Bámgbóṣé, ẹ gbójú sókè. Ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ti di ìsọ̀, àmọ́ òkè ṣì wà bí bíríkìlà ṣe fi í sílẹ̀: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè, òdòdó símẹ́ǹtì tí wọ́n fọwọ́ mọ yí i ká. Ẹ má sọ pé ẹ máa padà wá wò ó. Ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan tó wà ní Tinúbú, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016, ó sì dùn wá gan-an.

Èèyàn ń gbé inú àwọn ilé yìí. Kí ẹ tó gbé fóònù sókè, ẹ kí wọn: “Ẹ kú àárọ̀ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ ká ya òkè ilé yín?” Ẹni tó bá yọ́ fọ́tò yà ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dá dúró gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ kọjá. Ẹ má ya ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá rárá. Ẹ ra àgbálùmọ̀ lọ́nà. Wọ́n ní èyí tí òjò ti rọ̀ lé lórí kì í fi bẹ́ẹ̀ kan mọ́.

Freedom Park ló kàn, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn láyé ìgbà náà ni pèpéle eré wà báyìí. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn dé mùsíọ́mù Oníkàn, níbi tí ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí ní 1976 wà. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n ń jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò.

Tí ẹ bá fẹ́ ra adìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò kí ẹ tó ná an. Ojú kan ni wọ́n ń fi láfún yàwòrán sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa rẹ odindi aṣọ sínú ẹlú. Torí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú, àwòrán ibẹ̀ kì í sì yọ tó tojú. Tí ẹ̀yìn bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi omi díẹ̀ rin áńkáṣíìfù yẹn, kí ẹ fi nu aṣọ náà: ẹlú tuntun máa ń yí áńkáṣíìfù náà láwọ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ sá a sí ibòji.