Bí Ẹ Ṣe Lè Dúnàádúrà Lórí Owó Tí Ayánilówó Ń Gbà fún Refinance Ilé Yín ní Amẹ́ríkà

Èlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹjú mọ́ bí wọ́n bá fẹ́ refinance ilé wọn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn kí wọ́n fi gbèsè ilé tuntun san ti àtijọ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó wálẹ̀, ó parí nìyẹn. Wọn kì í wo closing costs, ìyẹn àwọn owó tí ayánilówó, olùdíyelé àti ilé iṣẹ́ title (àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ni ilé ló ni ín lóòótọ́) ń gbà kí ìwé tó parí, bẹ́ẹ̀ owó wọ̀nyí lè jẹ gbogbo èrè tí èlé tuntun mú wá. Díẹ̀ nínú wọn ṣeé ná, ìyẹn pé ẹ lè ní kí wọ́n dín in kù, àwọn mìíràn ò ṣeé ná rárá. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Loan Estimate, ìyẹn ìwé tí ayánilówó fi ń sọ èlé àti gbogbo owó tó máa gbà, ni ẹ máa fi ná an. Ojú ewé mẹ́ta ni, láti oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n sì ti ń lo irú kan náà fún ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́gééjì, ìyẹn gbèsè ilé. Ẹ fún wọn ní nǹkan mẹ́fà: orúkọ yín, owó tó ń wọlé fún yín, nọ́ńbà Social Security, àdírẹ́sì ilé, iye tí ẹ rò pé ilé náà tó, àti iye tí ẹ fẹ́ yá. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá ní kí ẹ kọ́kọ́ kó W-2, ìwé owó iṣẹ́ ọdún kan, wá, ẹ rán an létí pé nǹkan mẹ́fà yẹn ti tó. Àyàfi owó àyẹ̀wò krẹ́díìtì, wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kí ìwé náà tó dé, kí ẹ sì tó sọ pé ẹ fẹ́ tẹ̀ síwájú.

Ẹ gba Loan Estimate mẹ́ta, ó kéré tán, lọ́wọ́ ayánilówó mẹ́ta, lọ́jọ́ kan náà, torí pé èlé ń yí padà lójoojúmọ́. Kí iye owó, iye ọdún, iye point (owó tí ẹ ń san ṣáájú kí èlé lè wálẹ̀) àti iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi dá èlé dúró jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbogbo wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ṣeé fi wéra. Ẹ má bẹ̀rù pé krẹ́díìtì yín á bàjẹ́: bí gbogbo àyẹ̀wò náà bá bọ́ sáàárín ọjọ́ 14, ẹyọ kan ni FICO, ìyẹn ètò tó ń fún krẹ́díìtì ní máàkì, máa kà á sí.

Ojú ewé kejì ni iṣẹ́ wà. Abala A ni owó tí ayánilówó fúnra rẹ̀ ń gbà, ibẹ̀ sì ni agbára yín pọ̀ sí jù. Ẹ kọ́kọ́ wo point. Point 1 jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ fẹ́ yá, ìyẹn $3,000 lórí $300,000. Bí ẹ ò bá bèèrè fún un, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sọ iye tí èlé máa jẹ́ láìsí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn orúkọ tó kù. Ká ní ẹ rí underwriting $995, processing $650 àti application $500. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ $2,145. Ẹ bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ wo ni owó yìí wà fún, ta ló sì ń gbà á. Orúkọ mẹ́ta fún iṣẹ́ kan náà wọ́pọ̀ gan-an. Bí ayánilówó kejì bá ń gba $1,100 ní Abala A pẹ̀lú èlé kan náà, ẹ fi Loan Estimate rẹ̀ ránṣẹ́ sí ti àkọ́kọ́ nínú ímeèlì, kí ẹ ní kí ó bá a dọ́gba láìfi kún èlé.

Ọ̀rọ̀ èlé tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò nìyẹn: wọ́n yọ $1,045 kúrò, wọ́n sì fa èlé láti 6.25% lọ sí 6.5%. Lórí $300,000 fún ọgbọ̀n ọdún, ìyẹn fi nǹkan bíi $49 kún owó oṣooṣù. Láàárín oṣù 22, wọ́n ti gba ẹ̀dínwó yẹn padà, ẹ ó sì máa san àfikún náà lọ.

Abala B jẹ́ ti àwọn tí ayánilówó yàn fúnra rẹ̀, bí olùdíyelé. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda ìdíyelé fún yín. Nígbà mìíràn ó ṣeé ṣe. Abala C ni ẹ ti lè yan ilé iṣẹ́ title tó wù yín. Ìbánigbófò title ń dáàbò boni bí ẹlòmíràn bá sọ pé òun ló ni ilé; ti ayánilówó nìkan ni refinance ń béèrè. Èyí tí ẹ rà fún ara yín nígbà tí ẹ ra ilé ṣì ń ṣiṣẹ́, torí náà bí ẹ bá rí owner's policy (ìbánigbófò ti onílé) ní Abala H, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ wá ìwé àtijọ́ yẹn jáde, kí ẹ bèèrè fún reissue rate, ìyẹn ẹ̀dínwó fún ilé tó ti ní irú ìbánigbófò yìí tẹ́lẹ̀. Ní Texas, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń dá iye owó ìbánigbófò title, kò ṣeé ná; owó escrow tí ilé iṣẹ́ title ń gbà láti tọ́jú owó àti ìwé títí tí gbogbo rẹ̀ á fi parí ni kí ẹ gbájú mọ́ níbẹ̀.

Owó ìjọba, owó-orí ilé àti ìbánigbófò ilé, ìyẹn Abala E, F àti G, kò sí nínú ìjà yìí. Ayánilówó tó bá kọ ọ́ kéré kò rẹ owó yín sílẹ̀, ó kàn ń ṣe bí ẹni pé owó tirẹ̀ kéré ni. Iye tó wà ní Abala D, ìyẹn àròpọ̀ A, B àti C, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ lender credits (owó tí ayánilówó fi ń gbé díẹ̀ nínú ìnáwó náà), ni kí ẹ fi wéra. Ní New York, ẹ bèèrè fún CEMA, ètò tó ń so gbèsè àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, torí pé ó ń dín owó-orí mọ́gééjì kù.

Lẹ́yìn tí Loan Estimate bá ti jáde, ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ ní láti sọ pé ẹ fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí i, Closing Disclosure, ìwé tó ń sọ iye owó ìkẹyìn, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Loan Estimate, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà ìlà. Owó Abala A kò gbọdọ̀ gòkè láìsí ìdí tí òfin gbà, irú bíi pé ẹ pààrọ̀ iye tí ẹ fẹ́ yá. Àròpọ̀ owó àwọn tí ẹ yàn nínú orúkọ tí ayánilówó fún yín àti owó ìforúkọsílẹ̀ ìwé kò gbọdọ̀ fi ohun tó ju 10% lọ ga ju ti Loan Estimate. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an; wọ́n gbọ́dọ̀ dá àlékún náà padà láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ìwé parí.

Bí ó bá jẹ́ ilé tí ẹ ń gbé ni, tí ayánilówó tuntun sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ẹ ṣì lè fagi lé e títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ iṣẹ́ kẹta lẹ́yìn ìfọwọ́sí. Wọ́n ń ka Sátidé mọ́ ọn, wọn kì í ka Sọ́ńdè. Ẹ fi ránṣẹ́ ní kíkọ, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kò tó. Ọjọ́ 20 ni wọ́n ní láti dá gbogbo owó tí ẹ ti san padà.